Kí ló dé tí Gandalf kò gba òrùka náà fúnra rẹ̀?

Ìbéèrè òǹkàwé: Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ràn The Lord of the Rings, ẹ jọ̀ọ́, ẹ là mí lọ́yẹ. Wọ́n ní Gandalf gbọ́n, wọ́n ní ó lágbára, wọ́n ní kò sí ẹni tó mọ ọ̀tá wọn tó o. Frodo fi òrùka tó lágbára jù láyé lọ̀ ọ́ nínú pálọ̀, ó kọ̀. Ó wá di ẹrù náà lé ọmọ kúkúrú tí kò jagun rí lórí, ó ní kó máa gbé e lọ. Ṣé ọgbọ́n nìyẹn àbí ojo? Nílé wa, àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Èmi rí i pé àgbà wà lọ́jà, orí ọmọ sì wọ́.

* * *

Ọ̀rọ̀ yín wọ̀ mí lára, torí èmi náà bínú sí Gandalf nígbà tí mo kọ́kọ́ ka ìwé náà. Ẹ jẹ́ kí n sọ ìtàn rẹ̀ ní ṣókí fún ẹni tí kò bá tíì kà á. Tolkien, ọ̀jọ̀gbọ́n ará Gẹ̀ẹ́sì tó kọ́ni ní Oxford, ló kọ ọ́. Apá mẹ́ta ni wọ́n fi tẹ̀ ẹ́ jáde láàrin 1954 sí 1955. Sauron, ọ̀tá wọn, rọ òrùka kan nínú iná òkè tó wà ní Mordor, ilẹ̀ rẹ̀, ó sì da èyí tó pọ̀ nínú agbára ara rẹ̀ sínú rẹ̀, kó lè máa fi darí àwọn tó wọ òrùka yòókù. Òrùka yẹn sọnù. Ó bọ́ sọ́wọ́ Gollum, ẹ̀dá kan tó ń gbé inú ihò òkùnkùn, ó ti ibẹ̀ dé ọwọ́ Bilbo, ìbátan Frodo, Bilbo fi í sílẹ̀ fún Frodo. Kò sí òòlù tó lè fọ́ ọ, àfi kí wọ́n gbé e padà sínú iná tí wọ́n ti rọ ọ́.

Ẹ padà sí pálọ̀ yẹn wàyí. Gandalf kò sọ pé agbára òun kò ká a. Ó ní ọ̀nà tí òrùka náà máa gbà dé ọkàn òun ni àánú: àánú àwọn tí kò lágbára, àti ìfẹ́ láti ní ipá tí òun yóò fi ṣe rere fún wọn. Ẹ dúró síbẹ̀ díẹ̀. Ọ̀pọ̀ wa rò pé ibi tí èèyàn burú sí ni agbára ti ń rí i mú. Ọkùnrin yìí mọ̀ pé ibi tí òun ti dára jù lọ gan-an ni yóò gbà wọlé. Ẹ bá mi wá ojo tó mọ irú nǹkan bẹ́ẹ̀ nípa ara rẹ̀.

* * *

Èsì yín ti pọ̀ láti àná, mo sì kà wọ́n tán kí n tó padà wá.

Àwọn kan ní bí Gandalf bá gbà á, ìtàn ti parí nìyẹn, ìwé kò ní gùn. Ẹni tó béèrè kò bi wá léèrè bí ìwé ṣe gùn sí, ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀.

Àwọn kan ní Sauron nìkan ni òrùka náà ń gbọ́ràn sí lẹ́nu. Ẹ tún ìpàdé ilé Elrond kà, níbi tí àwọn ọlọ́gbọ́n ti pinnu ohun tí wọ́n máa fi òrùka náà ṣe. Elrond sọ níbẹ̀ pé ẹni tó ti ní agbára ńlá tẹ́lẹ̀ lè lò ó, àti pé ewu irú ẹni bẹ́ẹ̀ ló pọ̀ jù: bí ọ̀kan nínú àwọn ọlọ́gbọ́n bá fi òrùka náà ṣẹ́gun Sauron, orí ìtẹ́ Sauron náà ni yóò jókòó sí. Nítorí náà ó ṣeé ṣe kí Gandalf borí. Ohun tó wà lẹ́yìn ìborí ló ń bà á lẹ́rù.

Àwọn kẹta ní òfin ni kò jẹ́ kó gbà á. Òótọ́ ni pé òfin wà. Gandalf wà lára àwọn márùn-ún tí wọ́n rán wá láti ìwọ̀-oòrùn òkun láti gbógun ti Sauron, ní nǹkan bí ọdún 1000 Sànmánì Kẹta, bí ìwé náà ṣe ń ka ọdún. Wọ́n kìlọ̀ fún wọn pé wọn kò gbọdọ̀ fi agbára ko agbára Sauron lójú, wọn kò sì gbọdọ̀ fi ipá tàbí ìbẹ̀rù jọba lórí ẹnikẹ́ni. (Ìdí nìyẹn tí inú mi kì í fi í dùn tí wọ́n bá pe Gandalf ní oṣó. Gbogbo wa la mọ ẹni tí à ń pè ní oṣó lédè wa, àti ohun tó ń jáde lóru wá ṣe. Ìránṣẹ́ ni Gandalf, iṣẹ́ ni wọ́n rán an.) Ṣùgbọ́n Saruman, ọ̀kan nínú àwọn márùn-ún náà, gbọ́ òfin yìí kan náà. Òun gan-an ni olórí wọn. Òfin kò dá a dúró.

* * *

Ẹ jẹ́ ká dúró ti Saruman, torí lọ́dọ̀ rẹ̀ ni mo ti rí i pé ọgbọ́n nìkan kò tó.

Kò sí ẹni tó mọ̀ nípa àwọn òrùka bíi tirẹ̀. Ó pẹ́ tó ti ń ṣèwádìí wọn, ó lọ tú ìwé àtijọ́ tó wà ní ìlú Minas Tirith palẹ̀, òun ni alága Ìgbìmọ̀ Funfun tí àwọn ọlọ́gbọ́n máa ń pé jọ sí. Bí wọ́n bá ti béèrè nípa òrùka ńlá yẹn, òun ni wọ́n máa ń wojú rẹ̀. Ó sọ fún wọn pé omi odò Anduin ti gbé e lọ sínú òkun, kí wọ́n fọkàn balẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ni kò fọkàn balẹ̀ o, ó ti ń wá a kiri.

Nígbà tó wá pe Gandalf sílé, kò sọ pé òun fẹ́ jayé. Ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ dùn. Ìmọ̀ ló ní àwọn fẹ́, ìjọba ló ní àwọn fẹ́, ètò ló ní àwọn fẹ́, gbogbo ohun rere tí àwọn ti ń làkàkà fún láti ìgbà yìí wá. Bí nǹkan burúkú kan bá ṣẹlẹ̀ lójú ọ̀nà, àwọn yóò kẹ́dùn rẹ̀, ṣùgbọ́n ibi tí àwọn ń lọ kò yí padà. Aṣọ funfun rẹ̀ ti di aláràbarà nígbà yẹn, ó ń dán bó ṣe ń rìn. Gandalf ní funfun yẹn ló tẹ́ òun lọ́rùn jù. Saruman tì í mọ́ orí ilé gogoro.

Ẹnì kan níhìn-ín ní ìwọra ló pa Saruman. Mi ò gbà. Ohun tó pa á ni pé ó rò pé bí òun ṣe mọ nǹkan náà tó, bẹ́ẹ̀ náà ni kò ní lè ṣe òun ní nǹkan kan. Kò sí ọlọ́gbọ́n tó ta kókó omi sétí aṣọ, òun sì rò pé òun yóò ta á. Ìmọ̀ tó kó jọ ló di ìwọ̀ tí wọ́n fi fà á. Kò fojú kan òrùka náà rí títí wọ́n fi pa á.

* * *

Àbúrò kan bi mí pé báwo ni àánú ṣe lè sọ èèyàn di ìkà, kí n fún òun ní àpẹẹrẹ tí kì í ṣe ti inú ìwé.

Nílé tí mo rẹ́ǹtì tẹ́lẹ̀, ìdílé mọ́kànlá ló ń pọn omi lẹ́nu ẹ̀rọ kan ṣoṣo. Wọ́n kó kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ fún mi torí wọ́n ní mi ò kì í bá èèyàn jà. Ìyá àgbà kan wà nísàlẹ̀ tí wọ́n máa ń ti kẹ́ẹ̀gì rẹ̀ sẹ́yìn, omi á sì tán kó tó kàn án. Àánú ìyá yìí ṣe mí. Mo ní òun ni yóò máa kọ́kọ́ pọn. Kò sí ẹni tó bá mi jiyàn. Lẹ́yìn ìyẹn mo pín wákàtí fún olúkúlùkù. Lẹ́yìn ìyẹn mo dá iye kẹ́ẹ̀gì fún wọn. Ó tó bí oṣù mẹ́ta, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń gbé lókè fèsì sí mi lójú àwọn èèyàn, mo bá ti ẹ̀rọ pa mọ́ ọn, mo ní kó lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń bá àgbà sọ̀rọ̀. Ọkàn mi balẹ̀. Mo sùn dáadáa lóru ọjọ́ náà.

Bí mo ṣe ń sọ̀kalẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo bá ìyàwó rẹ̀ lórí àtẹ̀gùn. Ó ń feyín já ọ̀rá omi, ó ń da omi rẹ̀ sínú abọ́ láti fi ṣan ìdí ọmọ. Ọ̀rá mẹ́rin tó ti tú ti wà nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó ní, "Ẹ káàárọ̀, sà." Kò gbójú sókè.

Mo dá kọ́kọ́rọ́ náà padà lọ́jọ́ yẹn. Kọ́kọ́rọ́ ẹ̀rọ omi lásán ni o, àánú ìyá arúgbó kan ni mo sì fi bẹ̀rẹ̀.

Ní 1963, Tolkien kọ lẹ́tà kan sí òǹkàwé rẹ̀, ó ní bí Gandalf bá di olúwa òrùka náà, yóò burú ju Sauron lọ jìnnà. Olódodo ni yóò máa jẹ́ lójú ara rẹ̀; yóò máa tò gbogbo nǹkan bí ọgbọ́n rẹ̀ ṣe rí i pé ó dára fún àwọn èèyàn. Ó ní Sauron ń mú ibi pọ̀ sí i, ṣùgbọ́n gbogbo ayé ṣì lè dá ohun rere mọ̀ yàtọ̀. Gandalf ni ì bá sọ ohun rere fúnra rẹ̀ di ohun ìríra. Ọjọ́ tí mo ka gbólóhùn yẹn, abọ́ tó wà lórí àtẹ̀gùn ni mo rí.

* * *

Ẹ̀gbọ́n tó ní Gandalf kò fọwọ́ kan òrùka náà rárá, àti pé ìyẹn ló gbà á là: inú fíìmù tí wọ́n fi ìwé náà ṣe ní 2001 lẹ ti rí ìyẹn. Nínú ìwé, Frodo tú u kúrò lára ẹ̀wọ̀n tó so ó mọ́, ó nà án sí Gandalf, Gandalf gbé e sókè, ó bi í bóyá ó rí àmì kankan lára rẹ̀, kó tó jù ú sínú iná ààrò. Ó fọwọ́ kàn án dáadáa. Kò kàn pè é ní tirẹ̀ ni.

Ẹ wo Bilbo náà, ẹni tí òrùka yìí ti wà lọ́wọ́ rẹ̀ fún 60 ọdún. Ó ní òun ti fi í sínú àpòòwé lórí pẹpẹ ààrò. Àṣé inú àpò aṣọ rẹ̀ ló wà. Wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ jà kó tó gbà láti fi í sílẹ̀. Níkẹyìn ó mú àpòòwé náà jáde, ó ku díẹ̀ kó gbé e kalẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ṣàdédé fà sẹ́yìn, àpòòwé já bọ́ sílẹ̀. Kó tó bẹ̀rẹ̀ láti mú un, Gandalf ti gbé e, ó sì fi í sí ààyè rẹ̀. Ìbínú kọjá lójú Bilbo fìrí. Lẹ́yìn náà ló rẹ́rìn-ín bí ẹni tí wọ́n sọ ẹrù kalẹ̀ lórí rẹ̀.

Ó ti gbà tán o, ọwọ́ ni kò gbà. Ẹni tó bá ti di ipò mú rí, kódà ipò akápò ẹgbẹ́ àdúgbò, mọ ọwọ́ yẹn. Bí kì í bá ṣe pé ọ̀rẹ́ rẹ̀ dúró tì í, tó sì lè gbóhùn sókè sí i, mi ò rò pé Bilbo ì bá jáde nílé lálẹ́ ọjọ́ náà láìmú un lọ.

* * *

Ẹnì kan ní kí wọ́n gbé e fún Tom Bombadil, ẹni àràmàǹdà tó ń gbé létí igbó. Lóòótọ́, ó fi í sórí ọmọ ìka rẹ̀, kò pòórá bí àwọn mìíràn tó wọ̀ ọ́ ṣe máa ń pòórá, ó ń ṣeré pẹ̀lú rẹ̀. Wọ́n sọ̀rọ̀ rẹ̀ nílé Elrond, Gandalf ní yóò gbàgbé rẹ̀ síbì kan tàbí kó sọ ọ́ nù. Ẹni tí ọ̀rọ̀ ayé kò jọ lójú kò ní ìdánwò kankan láti borí. Èmi ò kà á mọ́ àwọn tó kọ òrùka náà.

* * *

Galadriel, obìnrin tó ń ṣàkóso ilẹ̀ Lórien, ni ká sọ̀rọ̀ rẹ̀. Ìyẹn lẹni tó kọ̀ tí ó sì dun òun fúnra rẹ̀.

Láti ìgbà èwe rẹ̀ ló ti ń wá ilẹ̀ tí òun yóò máa ṣe àkóso rẹ̀ bó ṣe wu òun. Ìdí kan tó fi bá àwọn èèyàn rẹ̀ rékọjá òkun nìyẹn. Ó pẹ́ tó ti ń rò ó lọ́kàn pé kí ni òun máa ṣe tí òrùka náà bá bọ́ sí àrọ́wọ́tó òun. Frodo wá dé, ó nà án sí i lọ́fẹ̀ẹ́. Ó gbé ọwọ́ sókè, ìmọ́lẹ̀ òrùka tirẹ̀ tàn sí i lára, ó ga, ó lẹ́wà débi tí ẹ̀rù bani. Lẹ́yìn náà ó sọ ọwọ́ kalẹ̀, ó rẹ́rìn-ín, ìmọ́lẹ̀ náà kú, obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó wọ aṣọ funfun ló kù níbẹ̀. Ó sì mọ ohun tí kíkọ̀ náà máa gbà lọ́wọ́ òun. Bí wọ́n bá pa òrùka ńlá yẹn run, agbára òrùka tirẹ̀ yóò lọ pẹ̀lú rẹ̀, Lórien tó ti ń tọ́jú yóò sì rọ.

Ẹ gbọ́ ohun tí Sam, ọmọ ọ̀dọ̀ Frodo tó ń bá a rìn, sọ lẹ́yìn ìyẹn, torí òun náà ni ẹni tó béèrè ń sọ. Sam ní ó wu òun kí obìnrin náà gbà á, kó bá àwọn tún nǹkan ṣe, kó fìyà jẹ àwọn tó ń ba ìlú jẹ́. Galadriel dá a lóhùn pé bó ṣe máa bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, àmọ́ kò ní dúró síbẹ̀.

Ọjọ́ dé tí òrùka náà wà lọ́rùn Sam fúnra rẹ̀, ní ẹnubodè Mordor, nígbà tó ń lọ gba ọ̀gá rẹ̀ sílẹ̀ lọ́wọ́ àwọn ọ̀tá. Ó rí ara rẹ̀ bí akọni tí ogun ń tẹ̀lé, ó rí aṣálẹ̀ Mordor tó di ọgbà òdòdó nípa àṣẹ rẹ̀. Ẹ kíyè sí i pé ọgbà ni wọ́n fi lọ̀ ọ́. Olùtọ́jú ọgbà ni Sam! Ìfẹ́ ọ̀gá rẹ̀ ló kọ́kọ́ dì í mú. Èkejì ni pé ó mọ ìwọ̀n ara rẹ̀: ọgbà kékeré kan tí òun lè fọwọ́ ara òun ro ti tó òun.

* * *

Sí ẹni tó bínú pé mi ò mẹ́nu kan ilé Denethor, olórí Minas Tirith, àti Boromir àti Faramir, àwọn ọmọ rẹ̀: ẹ má bínú. Bàbá náà kò béèrè láti lò ó. Ó ní kí wọ́n gbé e wá sílé òun, òun yóò kàn tọ́jú rẹ̀ pamọ́ sínú àjà ilẹ̀ ni, àfi tí ó bá dójú ẹ̀ pátápátá. Nínú gbogbo ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ nípa òrùka náà, "àfi tó bá dójú ẹ̀" yẹn ló bà mí lẹ́rù jù. Boromir fẹ́ ẹ nítorí ìlú rẹ̀ ń jó, kò sí irọ́ níbẹ̀, ó sì kú níbi tó ti ń gbèjà Merry àti Pippin, àwọn ọ̀rẹ́ Frodo. Faramir ti sọ kó tó mọ ohun tó jẹ́ pé bí òun bá rí i nílẹ̀ lójú ọ̀nà, òun kò ní mú un. Nígbà tí Sam ṣèèṣì sọ ọ́ jáde, tí ó mọ̀ pé ó wà níwájú òun, kò yẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ní fíìmù 2002 yí ìwà ọkùnrin yìí padà, mo wà lẹ́yìn yín gbágbáágbá.

* * *

Mo padà sọ́dọ̀ ẹni tó béèrè.

Ẹ pe Frodo ní ọmọ. Ẹni àádọ́ta ọdún ni nígbà tó kúrò nílé. Kò sì sí ẹni tó di ẹrù lé e lórí. Nílé Elrond, agogo ọ̀sán ti lù, gbogbo àgbà dákẹ́, kò sẹ́ni tó wojú ẹnì kejì. Frodo fẹnu ara rẹ̀ sọ pé òun yóò gbé e, bí òun kò tiẹ̀ mọ ọ̀nà. Elrond ní òun kò gbé e kà á lórí. Gandalf tí ẹ ń pè ní ojo kú lójú ọ̀nà yẹn, níbi ihò abẹ́ òkè Moria, kí àwọn tó kù lè sá kọjá. Wọ́n tún rán an padà wá ni.

Ẹ̀yin tí ẹ ń sọ pé Frodo borí ìdánwò, ẹ tún ibi iná náà kà. Kò borí. Ó dúró létí iná, ó ní òun kò ní ṣe ohun tí òun bá wá mọ́, òrùka náà ti di ti òun, ó sì fi í sọ́wọ́. Gollum ló gé ìka rẹ̀ jẹ, tó sì bá òrùka náà ṣubú sínú iná. Gollum sì wà láàyè torí pé lọ́dún gbọọrọ sẹ́yìn, Bilbo dúró nínú òkùnkùn, idà wà lọ́wọ́ rẹ̀, Gollum kò rí i, àánú sì ṣe é, kò gún un. Frodo náà dá a sí. Sam tó kórìíra rẹ̀ dá a sí lẹ́sẹ̀ òkè yẹn gan-an.

Àánú tí Gandalf ń bẹ̀rù nínú pálọ̀ ọjọ́ kìíní nìyẹn. Bó bá gba òrùka mọ́ ọn, yóò sọ ọ́ di ọba tí kò sẹ́ni tó lè gba ara rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Lọ́wọ́ ẹni tó kàn dá idà dúró, tí kò sì gbèrò àtijọba lórí ẹnikẹ́ni, òun ló ba òrùka náà jẹ́. Èmi ò rí ọgbọ́n míì nínú ìwé náà tó jù ú lọ.

Ṣùgbọ́n ibì kan wà tí mo ti gbà fún yín. Orí Frodo wọ́, kò sì sí àgbà tó lè tún un ṣe. Ní 13 oṣù kẹta ọdún tó tẹ̀ lé e, ó ku ọjọ́ díẹ̀ kó pé ọdún kan tí òrùka náà ti yọ́, àgbẹ̀ tó gba Frodo sílé bá a lórí ibùsùn, ó di òkúta funfun tó so mọ́ ẹ̀wọ̀n lọ́rùn rẹ̀ mú, ó ń sọ bí ẹni tó ń lálàá pé ó ti lọ, ó ti lọ títí láé, gbogbo nǹkan ṣókùnkùn, gbogbo nǹkan ṣófo. Sam kò sí nílé. Nígbà tó fi máa dé, ara Frodo ti yá, kò sì sọ fún un.